Dúró Díẹ̀, Kí Wọ́n Rẹ́rìn-ín

Lálẹ́ Sátidé ní Tánkẹ́, nínú gbọ̀ngàn kékeré
tó wà lókè ilé oníbúrẹ́dì,
mo gbé fóònù mi ka orí ìgò omi méjì,
mo fi rọ́bà ìdirun àbúrò mi so ó kó má baà ṣubú,
mo kọ ojú rẹ̀ sí mi bíi dígí onígbàjámọ̀.
Ọ̀rọ̀ mi wà nínú rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà gàdàgbà,
funfun lórí dúdú,
wọ́n ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí èèrà tó ń gun ògiri.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí n kò há a sórí.
Mo há a. Oṣù méjì gbáko ni mo fi há a,
nídìí máṣíìnì ìránṣọ, lórí ọ̀kadà láti Ìta-Àmọ́dù,
kódà nínú balùwẹ̀, tí Ìyá Sífáwù fi ń kan ilẹ̀kùn
pé ta ni mò ń bá jà níbẹ̀.
Ṣùgbọ́n ní Ọ̀fà, lọ́dún tó kọjá, mo dúró níwájú èrò,
orí mi sì ṣófo bí igbá oníwàrà nírọ̀lẹ́.
Ẹnìkan ké láti ẹ̀yìn: “Ẹ kúkú bá wa ṣàdúrà ìparí!”
Òun nìkan ni wọ́n rẹ́rìn-ín sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mùbáṣírù ló fi ọgbọ́n fóònù hàn mí:
kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yan bó ṣe máa yára tó,
kó máa yí lọ, kí ìwọ máa wò ó bí ẹni tí kò wò ó.
Mo kọ ọ́. Mo kọ ibi tí n ó ti mí.
Mo kọ ibi tí n ó ti nu iwájú bí ẹni tí ayé sú.

Ó kọ́kọ́ ń lọ geere.
Mo sọ ti bàbá mi, tó ń kí gbogbo Ìlọrin lọ́nà mọ́ṣáláṣí,
tó fi jẹ́ pé nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti ń jáde,
ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí àwọn tó ń jáde.
Mo sọ ti ewúrẹ́ Pàkátà tó jẹ ìwé ẹ̀rí Pólì mi:
nínú àwa méjèèjì, òun ni ìwé náà ṣe láǹfààní.

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Fóònù kò mọ̀.
Fóònù kò gbọ́ ẹ̀rín; ó ń yí lọ ní tirẹ̀
bí Odò Àsà lábẹ́ afárá,
o bu omi, o ò bu omi.
Mo ń sáré lé ọ̀rọ̀ ara mi, ahọ́n mi ń kọ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀,
mo rí ìlà kan tó fẹ́ fò mọ́ mi lójú lókè,
mo gbá a mú, mo fi gbogbo ohùn kà á:

“Dúró díẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.”

Kẹ́kẹ́ pa.
Jẹnẹrétọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀.
Obìnrin kan ní ìlà kejì, tó pọn ọmọ,
ní: “Ó dáa, a ti dúró. Ẹ̀rín ọ̀hún ńkọ́?”

Ẹ̀rín wó lé wa lórí bí òrùlé.
Àga oníke kan dá, olóhun rẹ̀ kò dìde,
ilẹ̀ ló ti ń rẹ́rìn-ín tirẹ̀.
Nígbà tí mo máa wo fóònù, ó ti dé ìparí láìdúró dè mí,
ó kọ ọ́ sójú: Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á sìn yín délé.
N kò tíì sọ ìdajì.

Lọ́sẹ̀ kejì, ní Àjàṣẹ́-Ìpo, mo mọ̀ọ́mọ̀ kà á.
Dúró díẹ̀, kí wọ́n rẹ́rìn-ín.
Mo dúró.
Ọkùnrin kan ń họ etí. Ọmọdé kan béèrè omi.
N kò rí obìnrin tó pọn ọmọ níbẹ̀,
n kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń kọ òun sínú fóònù.

Mo ṣì ń gbé e ka orí ìgò omi o, ẹ̀rù Ọ̀fà kò tíì tán.
Ṣùgbọ́n mo ti fi òfìfo kan sáàárín.
Tó bá débẹ̀, dúdú nìkan ló kù lójú rẹ̀,
mo ń rí imú mi níbẹ̀, àti òógùn.
Mo máa ń gbójú sókè nígbà náà,
mo máa ń wo ìlà kejì.